Ẹni tó kọ orin àti ẹni tó kọ orin: àyẹ̀wò ilé iṣẹ́ TAXI

Gbólóhùn kan náà ni Yorùbá fi ń pe iṣẹ́ méjèèjì: ẹnìkan kọ orin sínú ìwé, ẹlòmíì fi ohùn kọ orin tí wọ́n gbé wá bá a. Àárín àwọn méjèèjì yìí ni TAXI dúró sí. Ọdún 1992 ni Michael Laskow dá a sílẹ̀ ní ìhà Los Angeles, ní Amẹ́ríkà. Àwọn ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù, àwọn purodúsà àti àwọn tó ń wá orin fún fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n á sọ irú orin tí wọ́n fẹ́, TAXI á gbé ìkéde síta, ẹ ó fi orin yín ránṣẹ́, olùyẹ̀wò á sì gbọ́ ọ. Bó bá bá ìkéde mu, wọ́n á tì í síwájú sọ́dọ̀ ẹni tó ń wá a. Bí kò bá bá a mu, wọ́n á dá a padà, lọ́pọ̀ ìgbà pẹ̀lú àlàyé ìdí tí wọ́n fi dá a padà.

Àlàyé yẹn gan-an lọjà tí ẹ ń rà. Ẹni tó bá rò pé àdéhùn lòun ń fi owó rà, inú á bí i kí ọdún tó yí po.

Owó ọmọ ẹgbẹ́ fún ọdún àkọ́kọ́ jẹ́ $299.95, ti ọdún tó tẹ̀ lé e jẹ́ $199.95, orin kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá sì fi sílẹ̀ ń jẹ $5. Ẹ yẹ iye náà wò lójú ewé wọn kí ẹ tó sanwó. Orin márùn-ún lóṣù fún odindi ọdún jẹ́ $300, àpapọ̀ ọdún kìíní sì di $599.95. Owó kékeré kọ́ fún ẹni tó ń gba náírà. Ṣùgbọ́n TAXI kì í bá yín pín nínú owó tí orin bá mú wọlé.

Ẹ fi èyí wé kí ẹ kàn fi ímeèlì ránṣẹ́ sí purodúsà, tàbí kí ẹ já sínú àpótí rẹ̀ ní Instagram. Ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ kẹ́kẹ́ ló sábà máa ń pa. Ìdákẹ́ yẹn kì í ṣe ìdájọ́. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ orin ni kì í ṣí orin tí wọn ò béèrè, torí pé bí orin mìíràn tí wọ́n gbé jáde bá jọ ọ́ lọ́la, ẹni tó fi í ránṣẹ́ lè gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Ẹni tí wọn ò ṣí orin rẹ̀ kò wá mọ̀ bóyá ègbè ló burú ni àbí wọn ò tiẹ̀ gbọ́ ọ rárá. Yóò jókòó máa tún orin tó dáa ṣe títí á fi bàjẹ́.

Wọ́n máa ń dá orin dáadáa padà pẹ̀lú, torí pé ìkéde ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Bí ìkéde bá dárúkọ olórin mẹ́ta, ẹ gbọ́ orin tuntun méjì-méjì lára iṣẹ́ wọn. Ẹ kọ ìyára bíìtì sílẹ̀, ẹ kọ ìṣẹ́jú àáyá tí ègbè wọlé, ẹ kọ ohun tí ọ̀rọ̀ orin dá lé. Ohun tí orin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jọ ní ni wọ́n ń wá. Ẹni tó bá fara wé ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn mẹ́ta náà ló máa ń gbọ́ pé orin òun dùn ṣùgbọ́n kò bá a mu.

Àwọn àléébù kan kì í jìnnà. Ìbẹ̀rẹ̀ orin á gùn tó ogún ìṣẹ́jú àáyá kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Ègbè á dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan gbáko. Ohùn akọrin á rì sábẹ́ bíìtì, torí pé ẹni tó ṣe bíìtì ló jókòó sídìí ẹ̀rọ. Èyí tó léwu jù ni bíìtì tí wọ́n yá lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ìwé àdéhùn irú bíìtì bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gba ẹni tó yá a láyè láti gbé orin jáde fúnra rẹ̀, kì í ṣe láti tà á fún olórin mìíràn. Ẹ ka ìwé náà kí ẹ tó fi $5 sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ jọ kọ ìdá tí oníkálùkù ní nínú orin sílẹ̀, kí gbogbo yín sì buwọ́ lù ú lọ́jọ́ tí ẹ parí rẹ̀.

Fún àwa tí a ń fi Yorùbá kọrin, ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí olùyẹ̀wò Amẹ́ríkà lè má mọ̀ pé ó wà. Yóò kọ ọ́ pé ohùn orin kò gòkè tó nígbà tó dé ègbè. Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n àmì ohùn ló fà á. Tí ègbè bá parí sórí «ọkọ», ẹ ò lè gbé ohùn náà sókè, torí pé ọkọ́ oko ló máa dà. Ọ̀rọ̀ ni ká pààrọ̀: ẹ wá ọ̀rọ̀ tí ohùn òkè gbẹ̀yìn rẹ̀, bíi «olólùfẹ́», sí ibi tí ẹ ti fẹ́ kí orin fò. Ẹ sì fi ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sínú ìwé ọ̀rọ̀ orin, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń gbọ́ ọ á kàn fi ìlà yẹn sílẹ̀ ni.

Tí èsì «a dá a padà» bá wọlé, ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan, ẹ pa fóònù dé. Lọ́jọ́ kejì, ẹ gé àlàyé náà ní gbólóhùn-gbólóhùn, kí ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà mẹ́ta: bóyá ó bá ìkéde mu, bóyá iṣẹ́ ọwọ́ ló kù, tàbí bóyá ìfẹ́ inú ẹni tó gbọ́ ọ ni. Ti ìkéde kò kan orin yín; orin mìíràn ni kí ẹ yàn nígbà míì. Ti ìfẹ́ inú, ẹ fi sílẹ̀. Ti iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ló yẹ kó mú yín padà sídìí ẹ̀rọ, ìyẹn náà sì di ìgbà tí olùyẹ̀wò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bá sọ ohun kan náà. Bí ìkéde mẹ́ta bá dá orin kan padà nítorí ègbè, ẹ fi ẹsẹ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ kọ ègbè tuntun. $5 kẹrin lórí ègbè àtijọ́, ìfowóṣòfò ni. Kí orin méjì míì sì ti wà lọ́dọ̀ wọn kí èsì ti àkọ́kọ́ tó dé. Ẹni tó ń dúró de orin kan ṣoṣo ni ìdápadà máa ń gbé ṣubú.

Ibi tí iṣẹ́ wọn kù sí: olùyẹ̀wò kì í ṣe ẹni tó fẹ́ ra orin. Ẹnì kan ló gbọ́ ọ, lọ́jọ́ kan. Kì í ṣe gbogbo ìkéde ló ń mú àlàyé wá o. Ìdáhùn àwọn kan kò ju bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, nítorí náà ẹ ka ìkéde dáadáa kí ẹ tó sanwó. Èyí tó sì ń dunni jù ni orin tí wọ́n tì síwájú tí ẹnikẹ́ni kò pè lé lórí mọ́. Ẹni tó fẹ́ ẹ ló máa kàn sí yín fúnra rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ.

Àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà ni Road Rally, ìpàdé ọdọọdún wọn ní Los Angeles, máa wúlò fún jù, torí ọmọ ẹgbẹ́ kì í sanwó ìwọlé. Ẹni tó wà ní Èkó tó fẹ́ kọ Afrobeats fún àwọn olórin ibẹ̀, sítúdíò ni kó máa lọ. Orí bíìtì, lójú purodúsà, ni wọ́n ti ń kọ èyí tó pọ̀ jù. TAXI tọ́ sí ẹni tó ń kọ orin pop lédè Gẹ̀ẹ́sì, tó ní tó orin mẹ́wàá tó ti parí pátápátá nílẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá tí ẹ ti di ọmọ ẹgbẹ́, kí owó ọdún kejì tó jáde lára káàdì yín, ẹ to gbogbo àlàyé tí ẹ ti gbà sójú kan. Bí ìdí tí wọ́n fi ń dá orin yín padà lóṣù yẹn bá ṣì jẹ́ ìdí oṣù kìíní, ẹ má san $199.95 náà. Ẹ fi sanwó fún akọrin tó mọ ohùn lò, kó tún orin mẹ́ta tó dáa jù nínú tiyín kọ.