Excel, Peachtree àbí áàpù owó-oṣù: ohun tó yẹ kí ẹ wò kí ọdún tó yí

Ẹni tó bá fẹ́ ra software owó-oṣù fún ilé iṣẹ́ kékeré ní Nàìjíríà, èló ni wọ́n ń tà á ló sábà máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Èmi á ní kí ó kọ́kọ́ bèèrè èyí: tí oṣù Kejìlá bá parí, ta ni yóò tún tábìlì owó-orí inú rẹ̀ ṣe, ṣé àkọsílẹ̀ ọdún tó kọjá kò sì ní dàrú níbi tí wọ́n ti ń tún un ṣe?

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026 ni òfin owó-orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n ti fagi lé CRA, ẹ̀dínkù lórí owó tí wọ́n ń gba owó-orí lé, tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń jẹ láìbéèrè tẹ́lẹ̀. 800,000 náírà àkọ́kọ́ lọ́dún kò ní owó-orí. 15% ni wọ́n ń gbà lórí 2,200,000 tó tẹ̀lé e, 18% lórí 9,000,000 tó tún tẹ̀lé ìyẹn, bẹ́ẹ̀ ló ń gòkè títí dé 25% lórí ohun tó bá ju 50,000,000 lọ. Ayálégbé lè yọ 20% owó ilé tó san lọ́dún, kó má ṣáà ti ju 500,000 lọ. Software tí kò bá ní àyè tí ẹ ó kọ owó ilé sí, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Mẹ́ta ni mo fi wéra: Excel tí ẹ tò fúnra yín, Sage 50, tí àwọn akáǹtáǹtì wa ṣì ń pè ní Peachtree, àti áàpù owó-oṣù orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣe nílé, irú SeamlessHR tàbí PaidHR. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ QuickBooks kúrò. Ó dára fún ìwé ìṣirò ọjà, àmọ́ payroll tí wọ́n ń tà pẹ̀lú rẹ̀ kì í ṣe ti Nàìjíríà. Ibòmíràn ni ẹ ó ti ṣírò owó-oṣù, kí ẹ tó fi journal, àkọsílẹ̀ tí ẹ fọwọ́ kọ sínú ìwé ìṣirò, gbé àpapọ̀ rẹ̀ wọlé.

Ẹ fi òṣìṣẹ́ kan dán an wò

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ṣírò owó oṣù Kìíní fún òṣìṣẹ́ kan lójú yín. Ó ń gba 200,000 náírà lóṣù, 8% pension ń kúrò lórí gbogbo rẹ̀, ó sì ń san 400,000 fún onílé lọ́dún. Owó ọdún rẹ̀ jẹ́ 2,400,000. Ẹ yọ 192,000 fún pension àti 80,000 nítorí owó ilé, ó ku 2,128,000. Ẹ yọ 800,000 tí kò ní owó-orí, ó ku 1,328,000. 15% rẹ̀ jẹ́ 199,200, ìyẹn 16,600 náírà lóṣù.

Bí software náà bá gbé 17,600 jáde, ó mọ òfin tuntun ṣùgbọ́n kò ka owó ilé. Bí ó bá jẹ́ 18,134 àti kọ́bọ̀ díẹ̀, òfin àtijọ́ ló ṣì wà nínú rẹ̀. 17,526 ló burú jù: àwọn tó ni ín kò tíì fọwọ́ kàn án láti ìgbà tí òfin Finance Act 2020 ti yí bí wọ́n ṣe ń ṣírò CRA padà. Tí wọ́n bá ní “a máa bá yín tún un ṣe tí ẹ bá ti sanwó”, ẹ rọra dìde.

Ọwọ́ ta ni àtúnṣe wà?

Lórí Excel, ọwọ́ yín ni. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì rọrùn, àmọ́ ewu kan wà nínú rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kì í rí. Bí ẹ bá yí ìdá owó-orí padà nínú fáìlì tí oṣù Kejìlá ṣì wà, PAYE oṣù Kejìlá náà, ìyẹn owó-orí tí ẹ yọ nínú owó-oṣù, á yí padà, kò sì ní bá rìsíìtì tí ẹ gbà mu mọ́. Ẹ sọ payslip ọdún àtijọ́ di PDF, kí ẹ ti fáìlì rẹ̀ pa, kí ẹ sì ṣí tuntun.

Lórí Peachtree, ẹni tó mọ fọ́múlà kọ ni yóò ṣe é, nítorí Sage kì í fi tábìlì PAYE Nàìjíríà ránṣẹ́ sínú Sage 50. Ẹ jẹ́ kó kọ fọ́múlà tuntun fún ọdún tuntun, kó má fi pa ti àtijọ́ rẹ́. Ohun tí mo fẹ́ràn nípa rẹ̀ ni pé owó-oṣù tí ẹ bá ti post, ìyẹn tí ẹ ti kọ wọlé tán, kì í yí padà nítorí fọ́múlà. Year-End Wizard rẹ̀ náà kì í kánjú: ẹ lè ṣí ọdún méjì sílẹ̀ pọ̀, á sì ní kí ẹ ṣe backup kó tó pa ọdún dé. Ẹ má fo backup yẹn o, òun nìkan ni ọ̀nà àtipadà.

Lórí áàpù, ẹni tó ni ín ló ń ṣe é fún gbogbo oníbàárà lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí pàtàkì tí a fi ń sanwó rẹ̀ nìyẹn.

Ohun tó yẹ kó padà sí òdo

Àpapọ̀ owó-oṣù àti PAYE láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún gbọ́dọ̀ di òdo ní oṣù Kìíní. Owó tí òṣìṣẹ́ yá lọ́wọ́ yín àti ìsinmi tó ṣẹ́kù fún un kò gbọ́dọ̀ di òdo. Lórí Excel, ẹ̀yin ni ẹ ó fọwọ́ gbé wọn kọjá. Peachtree ń fi ọjọ́ tó wà lórí ṣẹ́ẹ̀kì pín ọdún, nítorí náà owó oṣù Kejìlá tí ẹ san ní ọjọ́ 5 oṣù Kìíní, inú ọdún tuntun ló máa bọ́ sí. Ní ti áàpù, ẹ bèèrè bóyá oṣù iṣẹ́ ló ń wò àbí ọjọ́ tí ẹ sanwó. Tí ẹni tó ń tà á kò bá rí i dáhùn, kò tíì bá ẹnikẹ́ni parí ọdún rí.

H1 àti ìpínlẹ̀ méjì

Ìwé àlàyé ọdọọdún, Form H1, gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì owó-orí ìpínlẹ̀ kó tó di ọjọ́ 31 oṣù Kìíní. Ibi tí òṣìṣẹ́ ń gbé ló ń sọ ìpínlẹ̀ tó ni PAYE rẹ̀, kì í ṣe ibi tí ṣọ́ọ̀bù wà. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Bẹ́gà ní ìpínlẹ̀ Èkó, tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń sùn sí Ìbàfò àti Mọ̀wé, ìpínlẹ̀ Ògùn ni yóò san tiwọn fún. Áàpù tó dáa máa ń pín in fúnra rẹ̀. Peachtree lè pín in tí ẹ bá fi ìpínlẹ̀ sí orúkọ kálukú. Orí Excel ni wàhálà wà, pàápàá tí ènìyàn bá kó lọ láàárín ọdún.

Èwo ni kí ẹ rà?

Òṣìṣẹ́ mẹ́rin, ìpínlẹ̀ kan: ẹ má ra nǹkan kan, Excel tó. Bí ẹ bá ti ní Peachtree, tí akáǹtáǹtì yín sì mọ̀ ọ́n lò dáadáa, ẹ dúró síbẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá pé 15, òfin ti mú yín lórí pension, tí ẹ gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tí ẹ bá san owó-oṣù. Níbẹ̀ ni áàpù ti ń yẹ ẹni tó bá lè sanwó rẹ̀ lóṣooṣù. Ẹ bèèrè bóyá ẹ ṣì máa rí payslip àtijọ́ kó jáde lọ́jọ́ tí ẹ bá dáwọ́ owó sísan dúró. Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ kó owó PAYE sínú wallet, àpò owó inú áàpù wọn, kí àwọn bá yín san án, èmi ò ní gbà. Ẹ san án fúnra yín kó tó di ọjọ́ 10 oṣù tó tẹ̀lé e, kí orúkọ ilé iṣẹ́ yín sì wà lórí rìsíìtì.