Sìkánà OBD2 kékeré fún ọkọ̀ tó ń ṣàdédé kú lórí eré: bí mo ṣe rí i

Ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín máa ń kàn ṣàdédé kú lórí eré, ẹ bọ́ síbí. Sìkánà OBD2 kékeré yẹn, ẹ̀rọ tó ń ka ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń sọ, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀, èyí tó ń lo Bluetooth, tí wọ́n kọ ELM327, orúkọ ṣíìpù inú ẹ̀, sí lára, tí gbogbo ẹ̀ ò ju páálí ìṣáná lọ. Kí n sojú abẹ níkòó, ó tówó ẹ̀ dáadáa, àmọ́ kì í ṣe torí nǹkan táwọn tó ń tà á ń pariwo kiri o. Wọ́n á ní tẹ́ ẹ bá ti kì í bọ ọkọ̀ báyìí, á sọ nǹkan tó ń ṣe é. Irọ́ gbuu ni.

Tòkunbọ̀ lèmi náà ń wà, ọtọmátíìkì, mọ́dẹ́ẹ̀lì 2005. Ṣómólú ni mò ń gbé, Ìsàlẹ̀ Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Láàárọ̀ kò sí wàhálà, ìrọ̀lẹ́ ni tiẹ̀ máa ń dé, gósìló á ti mú wa láti Adéníji, ẹ́ńjìnì á ti gbóná, bí mo bá wá bọ́ sórí Third Mainland tí ọ̀nà là díẹ̀ ló máa pa fíìn, kò ní jà kò ní ta, iná dáṣíbọ́ọ̀dù á kàn tàn rẹ́rẹ́. Bíríjì tó gùn ju kìlómítà 11 lọ, ẹ ò sì ríbi gidi yà sí, dánfó wà lẹ́yìn yín tó ń fọn fèrè bíi kó gbé yín mì. Tẹ́ ẹ bá ní sùúrù títí tó fi tutù, á tún ta wàì, á wá dà bíi pé ẹ̀ ń parọ́ mọ́ ọn.

Sìkánà ò lè bá yín yà kúrò lójú títì ṣá, ẹ gbọ́dọ̀ ti mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Ẹ má yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ má sì dá a padà sẹ́yìn pátápátá bí ọkọ̀ bá ṣì ń yí, torí sitíárìn lè lọ́ọ̀kì. Ó máa wúwo, ẹ fọwọ́ méjèèjì dì í mú. Búréèkì á ṣì gbọ́ fún ìtẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, lẹ́yìn ìyẹn á le koko, torí náà ẹ má tẹ̀ ẹ́ tẹ̀tẹ̀tẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tan hásáàdì, kí eré tó kù nílẹ̀ gbé yín lọ sápá ọ̀tún, ẹ gbé jíà sí N kẹ́ ẹ ta á wò. Tó bá kọ̀, ẹ gbé C-caution jìnnà sẹ́yìn, ẹ kúrò níbi tí ọkọ̀ ti ń kọjá, kẹ́ ẹ pe 767 tàbí 112, nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó nìyẹn.

Ó wá ku ẹni tó máa mọ ìdí ẹ̀. Mẹ́káníìkì ní pọ́ǹpù epo ni, rewáyà ní kọ́ìlì ni, ẹnì kan tún ní kí n lọ fọ táǹkì torí epo tó lómi. Gbogbo ẹ̀ ló sì lè pa ọkọ̀ lóòótọ́, ibi tí wàhálà wà gan-an nìyẹn, Ládípọ̀ tí wọ́n ti ń ta páàtì ò jìnnà, téèyàn bá ní kóun máa pààrọ̀ wọn níkọ̀ọ̀kan owó oṣù á tán síbẹ̀.

Bí mo ṣe ra sìkánà nìyẹn. Ihò ẹ̀ wà lábẹ́ sitíárìn, onípíìnì 16 ni, mo kì í bọ̀ ọ́, mo da Torque, áàpù tó ń fi ohun tí sìkánà bá kà hàn, sórí fóònù. Kò rí kóòdù kankan, ìyẹn àmì tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ máa ń kọ pamọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́! Inú bí mi débi pé mo fẹ́ dá a padà. Àṣé kì í ṣe kóòdù ni kí n máa wò, nọ́ńbà tó ń lọ sókè sódò lójú fóònù bí ẹ́ńjìnì ṣe ń ṣiṣẹ́ ni. Ìgbà tó tún kú, mo ti ń sọ̀kalẹ̀ sí Òwòròǹṣòkí, mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo yí kọ́kọ́rọ́, mò ń gbọ́ sítáátà gìrìgìrìgìrì, ẹ́ńjìnì ń yí, àmọ́ RPM, ìyẹn iye ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan, wà ní 0 lójú fóònù, kò mira rárá. Ọkọ̀ tára ẹ̀ yá, bí sítáátà bá ti ń yí i, nọ́ńbà yẹn á gòkè sí bíi 200. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ tèmi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹ́ńjìnì ń yí ni, tí kò bá sì mọ̀ kò ní fún un níná, kò ní fún un lépo. Crankshaft sensor, sẹ́ńsọ̀ tó ń ṣọ́ ọ̀pá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnì, ló yẹ kó máa sọ fún un, ooru sì lè mú sẹ́ńsọ̀ yẹn. Ìgbà yẹn ni kóòdù P0335 ṣẹ̀ṣẹ̀ wá jáde.

Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ rewáyà, ó ní "Màdáámú, ẹ jẹ́ ká ṣe kọ́ìlì yẹn ná." Mo ní "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ́kọ́ wo fóònù yìí." Ó wò ó, ó dákẹ́, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ. P0335 ò sọ pé kẹ́ ẹ lọ ra sẹ́ńsọ̀ o, ohun tó ń sọ ò ju pé nǹkan ò lọ déédéé láàárín sẹ́ńsọ̀ àti kọ̀ǹpútà lọ, wáyà tó já lè fà á, orí wáyà tí ọ́ìlì wọ̀ náà lè fà á. Ó yẹ wáyà wò, kò sí nǹkan tó ṣe é. Ó ní ká ra Belgium, mo ní rárá, sẹ́ńsọ̀ tí ooru ti bá fínra lára ọkọ̀ ẹlòmíì, kí n tún lọ rà á? Tuntun la fi sí i, kò sì tíì kú mọ́.

Ẹ gbọ́ àléébù ẹ̀ náà. Ayédèrú ELM327 ló pọ̀ nígboro, tèmi máa ń já kúrò lórí Bluetooth nígbà míì tí mo bá ta sítáátà, ó sì ń falẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ ni kì í fi agbára tí pọ́ǹpù fi ń ti epo hàn án, torí náà tó bá jẹ́ pọ́ǹpù ló ń kú lọ, géèjì mẹ́káníìkì lẹ máa fi wọ̀n ọ́n. Ọkọ̀ ará ilé mi kan tó máa ń kú tó bá ti fẹ́ dúró nínú gósìló, kò fi nǹkan kan hàn lára ẹ̀, ìdọ̀tí ló dí throttle body, ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnì, wọ́n fọ̀ ọ́, ó tán. Ẹ má sì fi sílẹ̀ lára ọkọ̀ tẹ́ ẹ ò bá wà á fún ọjọ́ mélòó kan, ó ń fa bátìrì.

Tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà láti 1996 ló dájú pé ó máa bá mu, èyí tó ń lo pẹtiróòlù láti Yúróòpù, láti 2001. Ẹ̀yin oníiPhone, ẹ má ra irú tèmi yìí, kò ní bá fóònù yín sọ̀rọ̀, èyí tó ń lo WiFi ni kẹ́ ẹ béèrè.