Ẹ ṣọ́ra fún "kọ́ìnì 1780" tó ń kiri Àbújá

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń ra owó àtijọ́ ní Àbújá, láti Kúbwà dé Nyanya, ẹ jọ̀ọ́, ẹ di owó yín mú ná. Ọkùnrin kan ń kiri ìpàdé àwọn ọmọ ìlú, ó ń ta kọ́ìnì. Ọmọ Yorùbá ni. Ó mọ èèyàn kí, ó sì mọ oríkì ìlú yín ju ẹ̀yin fúnra yín lọ. Orúkọ tó ń jẹ́ kò ṣe pàtàkì, torí ó ń yí i padà. Ọjà rẹ̀ ni kí ẹ dá mọ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí a jọ ń ṣe ìpàdé mú kọ́ìnì fàdákà ńlá kan wá kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Orí obìnrin kan tó sanra wà lára rẹ̀, wọ́n sì kọ 1780 sí i gàdàgbà. ₦220,000 ló rà á. Wọ́n ní inú àpótí ìyá àgbà kan ní Kánò ni wọ́n ti rí i, pé ó ti lé ní 240 ọdún. Mo gbé e lé sìkéèlì, ó wọn gíráàmù 23. Mo mú òòfà tí mo yọ lára sípíkà rédíò kan sún mọ́ ọn, ó lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́. Ọmọ náà ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Irin lásán ni, wọ́n kàn fi nǹkan funfun pa á lára.

Kọ́ìnì Maria Theresa ni wọ́n fẹ́ fi jọ. Ọbabìnrin Austria yìí kú ní 1780, ṣùgbọ́n wọn ò jáwọ́ nínú rírọ owó rẹ̀. Vienna rọ ọ́, London rọ ọ́, Rome rọ ọ́, títí dé Bombay, 1780 yẹn náà ni gbogbo wọn sì ń kọ sí i. Àwọn oníṣòwò tó ń la aṣálẹ̀ kọjá ló gbé e dé Bọ̀rnó àti Kánò láyé ijọ́un. Nítorí náà, gidi rẹ̀ pàápàá lè má ju ọjọ́ orí bàbá yín lọ. Gidi ń wọn gíráàmù 28 ó lé díẹ̀, ó fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 40, òòfà kì í fà á, lẹ́tà Látìn sì yọ sókè yí etí rẹ̀ ká: IUSTITIA ET CLEMENTIA. Èyí tí ọmọ yẹn rà, etí rẹ̀ ń dán bí etí ìdérí korobá. Èmi náà ò lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ní 1994, wọ́n ta irú rẹ̀ fún mi ní Kánò, odindi owó oṣù mi ló bá a lọ. Títí dòní, bí mo bá ní mo mọ ọjà rà, ìyàwó mi á ní, "Baba Teresa!"

Ọgbọ́n kejì tí ọkùnrin yẹn ń dá ló burú jù, torí ọjà gidi ló fi ń jalè. Owó tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rọ fún Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni: kọ́bọ̀ onihò, eépìnnì (ìdajì kọ́bọ̀), àti kékeré yẹn tí àwọn Háúsá ń pè ní anini, tí wọ́n rọ ní 1936 lórúkọ Ọba Edward Kẹjọ. Á ní ọba yẹn ò lo ọdún kan lórí oyè, pé ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ fi ṣọ̀wọ́n. Òótọ́ ni pé ọba náà gbé oyè sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá 1936, owó tó sì ní orí rẹ̀ ṣọ̀wọ́n gidi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kò ní orí ọba rárá, ihò ló wà láàárín rẹ̀, àìmọye mílíọ̀nù ni wọ́n sì rọ. Tèmi kún agolo mílíìkì kan. Òun ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ-ọmọ mi ní ìṣirò.

Ṣílè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ọlọ́pẹ yẹn, ńkọ́? Láti 1913, fàdákà ni. Lẹ́yìn 1920, idẹ ni. Bí ẹ bá rí ṣílè 1925 tó funfun báláú, ẹnì kan ló rì í bọ nǹkan.

Ọkùnrin yẹn tún ní kọ́ìnì tuntun nínú àpótí onífẹ́lífẹ́ẹ̀tì, ti Liberia, àti ti Niue àti Cook Islands, àwọn erékùṣù kékeré inú òkun Pàsífíìkì, tí wọ́n fi wúrà fẹ́ẹ́rẹ́ bò. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń bá mi jà lórí èyí, ṣùgbọ́n owó tí kò ra ẹ̀pà rí láyé rẹ̀, mi ò kà á sí owó. Àwọn tó ń kó owó jọ ni wọ́n rọ ọ́ fún. Kò lòdì sófin. Tó bá jẹ́ fàdákà gidi, ẹ ra á ní iye fàdákà, ẹ má san owó ìtàn. Sàtífíkéètì tí ọkùnrin yẹn ń fi lé e, òun fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́. Tèmi ni ₦2 aláwọ̀ méjì tí báǹkì àpapọ̀ gbé jáde ní oṣù Kejì 2007, tó ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wa níbí lára. Kọ̀ńdọ́ ò gbà á, alátẹ ò gbà á. Kò wọ́n, mi ò sì ní purọ́ fún yín pé yóò wọ́n. Mo kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni.

Bí ẹ bá mú sìkéèlì jáde, ọkùnrin yẹn á ní Alhaji kan ń bọ̀ láti Kàdúná ní aago mẹ́rin, kí ẹ yára fowó ránṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí Alhaji rà á.

Ẹni tó bá ti rà, kó má tà á fún ẹlòmíràn, kó tọ́jú rísíìtì tíránsífà àti gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ lórí WhatsApp. Ọmọ yẹn kó tirẹ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá láàárọ̀ Mọ́ńdè. Ẹni méjì ló bá lórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀, 1780 wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.