Oṣù mẹ́fà pẹ̀lú Pentax K1000 ní Òṣogbo: kámẹ́rà ò ní wàhálà, fíìmù fífọ̀ ni wàhálà

Àwòrán tó wà nínú fóònù mi lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, mi ò sì fi ẹyọ kan ṣoṣo kọ́ ògiri rí. Ìdí tí mo fi ra kámẹ́rà onífíìmù nìyẹn.

Pentax K1000 ni. Ọdún 1976 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde, wọ́n sì ń ṣe é títí di 1997, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí tèmi jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Àlòkù ni. ₦140,000 ni mo rà á lọ́wọ́ ọkùnrin kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó búra pé kò sí ohun tó ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìbúra yẹn sọ́kàn.

Ó wúwo. Ẹ gbé e kọ́rùn láti Ọjà Ọba dé Igbó Ọ̀ṣun, ẹ ó rí i bí ọrùn yóò ṣe máa ro yín. Kò sí ohun tó ń ṣe fúnra rẹ̀: ẹ̀yin lẹ ó yí lẹ́ńsì kí àwòrán tó mọ́, ẹ̀yin lẹ ó yan ìmọ́lẹ̀ tó máa wọlé, ẹ̀yin lẹ ó fi àtàǹpàkò fa fíìmù síwájú. Bátìrì kékeré kan wà nídìí rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ò sì ju kó máa gbé abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kan sókè sódò lójú ibi tí à ń gbà wòran. Abẹ́rẹ́ lọ sókè, ìmọ́lẹ̀ pọ̀ jù. Ó wálẹ̀, kò tó. Bátìrì kú, kámẹ́rà ṣì ń yàwòrán lọ. Àmọ́ kò sí ibi tí a ti ń pa mítà yẹn, ohun tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ tó sì ń gbé abẹ́rẹ́ náà, ìdérí lẹ́ńsì ni súìṣì rẹ̀. Ẹ máa dé e.

Láti 2005 tí UNESCO ti kọ Igbó Ọ̀ṣun mọ́ ogún àgbáyé, ta ni ò tíì ya àwọn ère ibẹ̀? Síbẹ̀ ibẹ̀ ni mo gbé fíìmù àkọ́kọ́ lọ, Kodak Gold 200, ẹyọ 36. Àṣìṣe ńlá. Nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bí fíìmù ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ sí; fíìmù 200 ń fẹ́ oòrùn, abẹ́ igi ibẹ̀ sì ṣú bí inú yàrá. Mo dín ìyára tí ojú kámẹ́rà fi ń ṣí tó sì ń pa dé kù dé 1/15 ìṣẹ́jú àáyá, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Nínú àwòrán mẹ́wàá tí mo yà níbi àwọn ère símẹ́ǹtì tí Àdùnní Olórìṣà (Susanne Wenger) àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ mọ, méje dà bíi pé ère ń jó. Àwọn mẹ́ta tó kù ni mo ṣe ń kọ èyí. Ewéko kéékèèké tútù tó bo èjìká ère kan, tí fóònù mi máa ń sọ di àwọ̀ ewé kan ṣoṣo, dúdú níbi tí omi ń gbà, ó sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú níbi tí oòrùn ti bà á.

Ó wá di fífọ̀. Mo lọ bá bàbá kan tó ń ya fọ́tò ní Òkè-Fíà kí wọ́n tó bí mi. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo yọ fíìmù. Wọ́n gbà á, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

“Ọmọ mi, níbo lo ti rí eléyìí? Oògùn rẹ̀ ò sí lọ́wọ́ mi mọ́. Yàrá tí mo fi ń fọ̀ ọ́, gàrí ni ìyá wọn ń kó síbẹ̀ báyìí.”

Ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ mi lóhun kan: bí oòrùn bá mú ganrínganrín, kí n fi ihò lẹ́ńsì tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé sí 16, kí n fi ìyára sí nọ́ńbà tó sún mọ́ ti fíìmù, 1/250 fún 200, kí n má sì wo ojú abẹ́rẹ́ kankan. Láti ìgbà náà, àwòrán ojú ọjà mi ò bàjẹ́ mọ́.

Èkó ni mo fi fíìmù ránṣẹ́ sí, ó sì gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí àwòrán dé, mo rí ohun tí ẹni tó ta kámẹ́rà fún mi ò sọ: ìlà pupa kan là á kọjá létí àwòrán mọ́kànlá, bí ìgbà tí iná jó o. Fóòmù tó ń dí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ti rà, ó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ bí ọ̀dà. Mo pè é, kò gbé e. Mo pè é lọ́jọ́ kejì, kò gbé e. Mo gé fóòmù dúdú mìíràn, mo lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ fúnra mi, ó sì ti dí. Bí ẹ bá fẹ́ ra irú rẹ̀, ẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ fi ìka tẹ fóòmù yẹn kí ẹ tó sanwó.

Àwòrán àbúrò mi wà nínú mọ́kànlá yẹn. Orin tuntun mẹ́ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ká sílẹ̀ nínú yàrá rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, gìtá pẹ̀lú sákárà, láìsí ìlù kọ̀ǹpútà kankan, ó sì ní kí n ya òun fún ojú àwo orin náà. Mo ya mẹ́fà. Ó fi márùn-ún tó mọ́ kedere sílẹ̀, ó mú èyí tí iná gbà létí.

“Àǹtí mi, èyí ló jọ orin náà.”

Mo ní èyí tó bàjẹ́ nìyẹn. Ó ní kí n tún gbọ́ orin kejì. Mo gbọ́ ọ, mi ò gbà síbẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló lorin.

Lóṣù tó ń bọ̀, mò ń gbé kámẹ́rà yìí lọ sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn ẹbí ìyá mi. Bàálù ni mo kọ́kọ́ fẹ́ wọ̀ lọ sí Kútọnu, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹrù wò ní pápákọ̀ òfuurufú lè ba fíìmù tí a ò tíì fọ̀ jẹ́, mi ò sì lágbára àtimáa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Mọ́tò ni, a ó gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀. Mo ti di Ilford HP5 méjì, ti dúdú àti funfun, 400 ni, fún inú ilé àti abẹ́ igi. Gold 200 kan ṣoṣo ló kù, ojú omi ni mo fi í pamọ́ fún, ní ọ̀sán gangan, lẹ́ńsì lórí 16.