Ìyá Onísóyà Òkè-Ajé: wàrà rẹ̀ dára, ẹnu rẹ̀ ló pọ̀ jù

Ọjọ́ Ojúde Ọba ọdún tó kọjá ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kan èmi náà. Ẹgbẹ́ wa ti tò, gèlè le lórí mi, aṣọ-òkè wúwo lára mi, ni ooru kan bá ṣàdédé dìde láti àyà, ó gba ọrùn, ó gba ojú. Kí n tó ní kí n nu ojú, àtíkè ti di omi. Ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ mi na abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìwọ náà ti débẹ̀ nìyẹn."

Ẹni ọdún 53 ni mí. Nǹkan oṣù mi ti dá láti bí ọdún méjì, ìyẹn ò sì dùn mí. Ooru yẹn ni wàhálà mi. Aránṣọ ni mí: páànù lókè orí, áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́, iná NEPA tó ń lọ nígbà tó wù ú. Lóru ńkọ́? Màá jí ní aago méjì, aṣọ ìbora á ti tutù fún òógùn.

Wọ́n ní sóyà máa ń dín irú ooru bẹ́ẹ̀ kù. Ohun tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ Ìyá Onísóyà nìyẹn, lóṣù kejì ọdún yìí. Abẹ́ agboòrùn ńlá kan ló máa ń jókòó sí ní ọjà Òkè-Ajé, níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Kò ní pátákó. Ìkòkò tó ń hó ni kí ẹ máa wò.

Mo jókòó tì í láàárọ̀ ọjọ́ kan kí n lè rí bó ṣe ń ṣe é. Ó ti rẹ sóyà mọ́jú, ó lọ̀ ọ́, ó fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, ó sì sè é títí tó fi hó dáadáa. Ibẹ̀ gan-an ni mo ń ṣọ́, torí ohun kan wà nínú sóyà tútù tí kì í jẹ́ kí inú da purotéènì rẹ̀ bó ṣe yẹ, iná ló sì ń ṣẹ́gun rẹ̀. Omi ògì kíkan ló fi mú èyí tó fẹ́ fi ṣe wàrà dì, ó tẹ̀ ẹ́ lábẹ́ òkúta, ó gé e, ó dín in pẹ̀lú ata àti àlùbọ́sà. ₦100 ni wàrà kan. Ìta rẹ̀ ń ta kété lẹ́nu, inú rẹ̀ rọ̀. Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú, ẹ má bínú sí mi, mo ti fi sínú ìkọ́kọrẹ́ rí, ó sì bọ́ sí i.

Mílíìkì sóyà rẹ̀ (₦500 ìgò kan) kò tó wàrà náà. Ṣúgà ti pọ̀ jù, ẹ ní kó bu ti yín sọ́tọ̀ kó tó dà á sí i. Ìgò omi tí àwọn èèyàn ti mu ló ń fọ̀ lò, nítorí náà ìgò tèmi ni mo máa ń gbé lọ. Ẹ má sì rà á lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ó ti kan mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹnu rẹ̀ wàyí. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti sọ fún mi pé, "Mọ̀mí, ẹ mu ún fún ọjọ́ 21, nǹkan oṣù yín á padà bíi ti ọmọge." Èmi ò rẹ́rìn-ín. Obìnrin tí kò rí nǹkan oṣù fún oṣù 12, tó wá rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn náà, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lọ́jọ́ náà. Ó lè jẹ́ nǹkan kékeré, ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ ilé ọmọ.

Kì í ṣe pé sóyà kò ní nǹkan kan nínú o. Èròjà kan tó ń jẹ́ isoflavone wà níbẹ̀, ó jọ estrogen, èròjà ara obìnrin tó ti dín kù lára wa, àmọ́ agbára rẹ̀ kéré púpọ̀. Lójú èmi aránṣọ, ó dà bíi bọ́tìnì tó wọ ihò ṣùgbọ́n tí kò di aṣọ mú dáadáa. Ní Ọsirélíà láyé ọdún 1940 sí 1949, àgùntàn jẹ koríko kan tí irú nǹkan yìí pọ̀ nínú rẹ̀ títí wọn ò fi lóyún mọ́. Àwa kì í ṣe àgùntàn ṣá. Ìwádìí kan á ní ooru náà dín kù díẹ̀, òmíràn á ní òun ò rí ìyàtọ̀, àní àwọn tí wọ́n fún ní oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú pàápàá ń sọ pé ara tù wọ́n. Ikùn wa kò sì rí bákan náà: àwọn kòkòrò inú ìfun ẹlòmíràn ń sọ ọ̀kan nínú isoflavone náà di equol, tó lágbára jù ú lọ, ti ẹlòmíràn kò lè ṣe é.

Inú ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ ni mo ń ka ooru tèmi sí. Ó tó ẹ̀ẹ̀meje sí mẹ́jọ lójúmọ́ nínú oṣù kejì. Nígbà tó fi di oṣù kẹfà, ó ti di mẹ́ta, mẹ́rin. Àmọ́ òjò ti dé nígbà náà, mo sì ti ra fáànù tí a ń ṣáàjì lóṣù kẹrin. Ta ni kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

Ẹnìkan tún gbé kapusúùlù sóyà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ₦28,000. Mo ní kó máa gbé e lọ. Oúnjẹ ni mò ń jẹ. Èyí tí wọ́n fún jọ sínú kapusúùlù, dókítà ni kó bá mi dá sí i, pàápàá ẹni tó bá ti ní jẹjẹrẹ ọyàn rí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ fún, ń lo levothyroxine, oògùn tí wọ́n ń lò lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀, láràárọ̀. Mo ti kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má fi mílíìkì sóyà gbé e mì, kí wákàtí bíi mẹ́rin wà láàárín méjèèjì, torí sóyà kì í jẹ́ kí ara gba oògùn yẹn tán.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá Ìyá Onísóyà tó ń sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ 21 yẹn fún obìnrin kan. Mo fà á sẹ́yìn, mo ní kó yéé sọ bẹ́ẹ̀, mo sì sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Mọ̀mí, ọjà ni mò ń tà o." Mo ra wàrà mẹ́wàá, ó fi méjì ṣe ènì.