Ìkòkò àgbo nínú táńkì ẹja: mo fọwọ́ sí i

Mo ń sin kribensis, ẹja kékeré tó jẹ́ ọmọ bíbí odò gúúsù Nàìjíríà níbí. Inú ihò ni wọ́n ti ń yé ẹyin, ilé sì di dandan fún wọn. Àwọn ilé oníke aláràbarà tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ẹja wọ́n lójú mi, ọ̀dà ara òmíràn a sì máa bó. Mo bá lọ ra ìkòkò amọ̀ kékeré ní Ìpetumodù.

Ìyá tó ń tà á bi mí pé, "Ọmọ mi, àgbo kí lo fẹ́ sè?" Mo ní, "Ìyá, ẹja ni mo fẹ́ fi kọ́lé fún." Ẹ̀rín pa wọ́n. Wọ́n jẹ́ kí n yan èyí tó wù mí.

Ẹ fi ìka kàn án. Èyí tó bá ró gbinrin, iná ti jẹ ẹ́ dáadáa. Èyí tó bá dún pọ̀, yóò máa yòrò nínú omi. Èyí tó ń dán, tí wọ́n fi nǹkan pa lára, ẹ fi sílẹ̀. Nígbà tẹ́ ẹ bá délé, ẹ má fọṣẹ kàn án rárá, torí amọ̀ máa ń fa ọṣẹ mu, inú táńkì ni yóò sì ti tú u jáde. Omi gbígbóná àti kànìnkànìn ti tó. Mo rẹ tèmi mọ́jú kí n tó gbé e wọlé.

Nínú ohun tó wà nílé, ìgò jáàmù kò léwu, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ ń wọnú rẹ̀, ẹja tó fẹ́ sá pamọ́ kò ní kà á sí ilé. Abọ́ tánńganran tó ti bó lára á máa dípẹtà. Owó ẹyọ àti ìkarahun ìgbín dùn ún wò lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, wọn a sì sọ omi di èyí tí ọṣẹ kì í tètè hó nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ omi tó rọ̀ ni kribensis fẹ́. Bí òkúta kan bá wù yín, ẹ kán fínígà sí i. Tó bá ń hó, ẹ dá a padà síta. Wáyà bàbà àti kọ́bọ̀ àtijọ́ ni mo bẹ̀rù jù. Ìwọ̀nba bàbà tó bá yọ́ sínú omi lè pa edé àti ìgbín inú táńkì.

Mo dá ìkòkò náà dùbúlẹ̀, mo kọ ẹnu rẹ̀ sí ògiri. Abo, tí ikùn rẹ̀ ti pọ́n bí ẹyìn, ló kọ́kọ́ wọlé, ó sì lẹ ẹyin mọ́ òrùlé inú rẹ̀ lọ́hùn-ún. Látìgbà náà, ẹja tó bá yà síbẹ̀, akọ á lé e dànù.

Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni ẹnu tó fẹ̀ jù. Òkúta pẹlẹbẹ ni mo fi dí ìlàjì rẹ̀, àmọ́ àwọn ẹja náà ń gbẹ́ yanrìn abẹ́ rẹ̀, òkúta sì ń yẹ̀. Ẹni tó bá rí èyí tí ẹnu rẹ̀ kò ju ìka mẹ́ta lọ, kó rà á fún mi, màá san owó rẹ̀.