Asẹ́ omi aró tí a rà ní Ìkòròdú: ohun tí ojú mi rí

"Ẹ wò ó, Mà, omi ti ń ya!" Báyìí ni ọmọkùnrin tí àwọn tó ta ẹ̀rọ fún wa rán wá ṣe kígbe láàárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè yẹn. Aṣọ là ń pa láró, ẹ̀rọ náà ló sì ń sẹ́ omi aró wa ká lè tún un lò. Omi ń ya lóòótọ́. Kó tó dé, ńṣe ló ń kán tó, tó. Àmọ́ nígbà tí mo gbé ife sábẹ́ rẹ̀, omi náà pupa rúsúrúsú bíi sóbò tí wọ́n bomi là. Mo ti mítà tó ń wọn iyọ̀ bọ̀ ọ́. Òǹkà iyọ̀ tí kì í ju nǹkan bí 120 lọ ti fò dé 1,900.

Bílíìsì ló dà sí i. Ojú mi ló ṣe. Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì pé ṣé RO (reverse osmosis, asẹ́ tó ń yọ iyọ̀ kúrò nínú omi) ń gba bílíìsì, ó ní kí n fọkàn balẹ̀. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí wọ́n fi polyamide ṣe ló ń ṣiṣẹ́ lára membrane RO, wọ́n á ká a bí ẹní sínú ọ̀pá. Kílórínì inú bílíìsì a máa jẹ ẹ́. Ìdí tí omi fi ya nìyẹn: ohun tó ń dá iyọ̀ àti aró dúró ti bàjẹ́.

Ìgbà mẹ́fà ni mo pe ọ́fíìsì wọn láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni àkọ́kọ́ ní kí n fi fídíò ránṣẹ́. Ẹni kejì ní àwa la fi omi gbígbóná bà á jẹ́. Ẹni kẹta pè mí ní "ìyá aláró", ó sì pa fóònù. Gbogbo àsìkò yẹn, iṣẹ́ dúró. A ò jẹ́ da omi aró sí gọ́tà Odogunyan, àdúgbò wa: LASEPA, àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ń bu omi wò, ọ̀sà ni omi náà sì ń lọ. Mo sunkún lọ́jọ́ kẹta.

Ọjọ́ karùn-ún ni wọ́n rán ọmọbìnrin ẹnjiníà kan wá. Òjò ti pa á. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó tú ọ̀pá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Ẹ̀bi wa ni, Mà. Ẹ má bínú." Ara mi rọ̀ wọ̀ọ̀. Ó jókòó ti àwọn ọmọ iṣẹ́ wa títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó ní UF (ultrafiltration), asẹ́ tí omi ń kọ́kọ́ gbà kọjá kó tó dé RO, lè gba bílíìsì tó bá mọ níwọ̀n. RO kò gbọ́dọ̀ fojú kàn án: sódà la ó fi fọ ẹgbin aró kúrò lára rẹ̀, citric acid fún ẹfun tó bá gan mọ́ ọn. Omi tó bá gbóná kọjá 45°C, kó kọ́kọ́ tutù. Ó tún ní ká fi álọ́ọ̀mù mú ìdọ̀tí sílẹ̀ nínú táǹkì kó tó kan asẹ́ rárá, bí ìyá mi ṣe ń fi í sí omi odò tó bá rú nígbà èwe wa.

Wọ́n pààrọ̀ membrane mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìgba kọ́bọ̀. Báyìí, nínú garawa mẹ́wàá tó bá wọlé, méje ń padà wá fọ aṣọ, dísù tí a ń jó sí bọ́hòólù sì ti dín kù. Mẹ́ta tó kù, tí iyọ̀ ti kì sí, tánkà là ń sanwó fún kó wá gbé e. Ó yẹ kí wọ́n ti sọ èyí fún wa ká tó sanwó ẹ̀rọ.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Bí wọ́n ṣe dá mi lóhùn bí alágbe fún odidi ọjọ́ mẹ́ta kò jẹ́ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ kejì tí a fẹ́ rà kí ọdún tó parí, ọ̀dọ̀ wọn náà la ti máa rà á, bí ọmọbìnrin yẹn bá ṣì wà níbẹ̀.